Iná Pupa Inú Omi

"Ẹ̀jẹ̀ nìyí, mà," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó na ìka sí ìlà pupa kan tó gba ara ògiri àtẹ̀gùn lọ sílẹ̀. "Ó fi hàn pé wọ́n jà. Onífírémù yẹn ti bàbá yìí, bàbá sì fẹ́ di ògiri mú bó ṣe ń já bọ̀."

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti iwájú orí, ó súnmọ́ ògiri, ó sì na imú sí i bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ti kan.

"Ẹ̀jẹ̀ wo ló ń rùn bí òróró?"

Sájẹ́ǹtì náà na imú sí i. Ó sín.

"Ọ̀dà ni," ni obìnrin náà wí. "Ọ̀dà tí àwọn ayàwòrán ń fi òróró pò. Kò tíì gbẹ. Kí ló dé tí ọ̀dà pupa fi wà lára ògiri àtẹ̀gùn?"

Ìbéèrè yìí gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ. Láti kékeré ló ti ń bi ayé pé kí ló dé, nígbà tó sì di ọ̀gá láàárín àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, àwọn ọlọ́pàá, àwọn lọ́yà, títí kan àwọn olè tó ti mú, Màmá Kílódé ni gbogbo wọn ń pè é. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tí olè bá sọni, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló fa á.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn débẹ̀ kò gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí iná ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, wọ́n bá àgbà ayàwòrán kan nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Bàbá Olómi ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí kò sí àwòrán kan tó yà rí tí omi kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá lórí rẹ̀ ni Onífírémù, káfíńtà tó máa ń ṣe igi tó yí àwọn àwòrán rẹ̀ ká. Ọkùnrin náà kò wọ ẹ̀wù, ẹ̀jẹ̀ sì ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Aládùúgbò figbe ta, Sájẹ́ǹtì dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mú un gba àárín àdúgbò kọjá lójú tẹrú-tọmọ. Bàbá Olómi wà ní ilé ìwòsàn báyìí. Kò lajú, kò sọ̀rọ̀.

Màmá Kílódé bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì fa búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Ọ̀dà pupa ṣì rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Búrọ́ọ̀ṣì yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú," ó ní. "Ẹnu rẹ̀ ló fa ìlà sára ògiri. Pupa ni ohun tó kùn kẹ́yìn."

"Kí ni ìyẹn wá sọ fún wa, mà?"

"N kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà pé kò jù ú sílẹ̀ kó tó já bọ̀."

Wọ́n gun òkè. Yàrá ńlá kan ni, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, ó kọjú sí odò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà gan-an ni ẹnu àtẹ̀gùn wà. Ìkọ́ irin méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí igi ìdábùú máa ń jókòó lé kí ènìyàn má bàa já sísàlẹ̀. Igi náà kò sí lórí ìkọ́. Ara ògiri ni wọ́n gbé e tì.

"Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́?"

"Bóyá bàbá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni, mà."

"Pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tútù lọ́wọ́?"

Ó yíjú. Lára ògiri kejì, àwòrán tò gbọọrọ, àfi ibì kan ṣoṣo. Ìṣó wà níbẹ̀, àyè onígun mẹ́rin kan sì wà nísàlẹ̀ ìṣó náà tó mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ.

"Háà! Ó jí àwòrán gbé nìyẹn!" ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Onífírémù tí o bá níbí láìwọ ẹ̀wù, tó kúnlẹ̀? Àpò wo ló fi àwòrán náà sí?"

Sájẹ́ǹtì wo òkè àjà.

Nígbà náà ni Màmá Kílódé wá kọjú sí àwòrán tí bàbá náà ń yà lọ́wọ́. Ó wà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Ìlú lálẹ́ ni. Òkùnkùn rẹ̀ kì í ṣe dúdú èédú. Aró jíjìn ni, tí àwọ̀ ilẹ̀ ń mí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé gíga dúró bí ẹni tó ń tòògbé lórí ìdúró. Iná òpópónà tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn àti funfun, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìbejì nínú odò, tó gé sí wẹ́wẹ́ lórí omi títí dé ẹsẹ̀ ẹni tó ń wò ó. Lápá òsì, ọkọ̀ ojú omi kan wà, iná pupa kékeré kan sì wà ní imú rẹ̀, òun náà ń fọ́n ká sínú omi.

Ó pẹ́ tó fi dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní kí Sájẹ́ǹtì tún ti ilẹ̀kùn, kó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n mú Onífírémù jáde láti àtìmọ́lé. Ẹnì kan ti bá a wá ẹ̀wù tó tóbi jù ú lọ.

"Jókòó. Ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ?"

"Wọ́n fún mi, mà. Kò wọlé ni."

"Kí ló dé tí o lọ sọ́dọ̀ bàbá?"

"Mo fẹ́ wọn àwòrán tuntun yẹn ni, kí n lè ṣe fírémù rẹ̀. Mo bá ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu. Bàbá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Ṣé o gòkè?"

"Ta ló máa rí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn táá tún máa gòkè, mà? Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi dí ojú ọgbẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ń ké pé ẹ gbà wá o. Àwọn tó gbọ́ igbe mi ló wá dì mí mú."

"Wọ́n ní Sájẹ́ǹtì ní kí o dìde, o kọ̀."

"Tí mo bá dìde, ẹ̀jẹ̀ á tún ya." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní kí wọ́n lù mí tí wọ́n bá fẹ́, àmọ́ kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn kọ́kọ́ dé."

Sájẹ́ǹtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wú ikọ́ díẹ̀.

"Àwòrán wo ló máa ń wà lára ògiri níbi tí ìṣó lásán wà báyìí?"

"Ti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, èyí tó ti dolóògbé. Èmi ni mo ṣe fírémù ẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ṣé kò sí níbẹ̀ mọ́ ni?"

Màmá Kílódé ní kí wọ́n fún un ní omi tútù. Bí wọ́n ṣe fẹ́ mú un padà, ọkùnrin náà dúró.

"Mà, ẹ ṣeun."

"Kí ló dé tí o ń dúpẹ́? N kò tíì ṣe nǹkan kan fún ọ."

"Ẹ bi mí léèrè. Àwọn yòókù, wọ́n ń sọ fún mi ni."

*

Bàbá Olómi kò níyàwó mọ́, kò sì bímọ. Ẹbí kan ṣoṣo tó kù sí i ni ọmọ àbúrò rẹ̀ yẹn. Fáàrí ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà, nítorí bó bá wọ aṣọ, aṣọ náà á mọ̀ pé wọ́n wọ òun. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá a, lórí àga gígùn níwájú yàrá àwọn tí àìsàn wọn le, ojú rẹ̀ wú.

"Wọ́n ní o rí ohun tó ṣẹlẹ̀," ni Màmá Kílódé wí.

"Ojú mi báyìí ló ṣe, mà. Mo dúró lórí afárá, mo ń najú. Mo rí àwọn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Bàbá. Ọ̀kan ti èkejì. Onífírémù ni. Mo mọ èjìká ẹ̀."

"Ìgbà wo lo dé ilé iṣẹ́ náà gbẹ̀yìn?"

"Ó ti lé lóṣù kan. Bàbá kì í fẹ́ àlejò tó bá ń ṣiṣẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó lọ báyìí. Iṣẹ́ tó dáa jù láyé ẹ̀ ló ń ṣe lọ́wọ́. Ìlú lálẹ́! Gbogbo iná yẹn, pàápàá iná pupa ti orí ọkọ̀ yẹn, bó ṣe ń ṣàn sínú omi… Ẹni tó bá rí i, á fẹ́ bọ́ bàtà kó wọnú odò."

Màmá Kílódé mi orí. Ó bá a kẹ́dùn, ó sì yà sọ́dọ̀ dókítà.

"Ṣé á yè é?"

"A ń retí pé á yè é," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ta ló fi aṣọ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ọkọ̀ wa fi dé? Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà. Bí kì í bá ṣe òun, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí."

Sájẹ́ǹtì wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé òun ló fẹ́ dáhùn.

*

Nírọ̀lẹ́, wọ́n lọ sórí afárá. Màmá Kílódé ti ní kí ọlọ́pàá kan tan iná ilé iṣẹ́ náà, kó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti orí afárá, wọn kò rí i. Páànù gbọọrọ kan yọ síta lókè fèrèsé náà fún òjò àti oòrùn, ó sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹni tó bá wà lókè.

"Irọ́ ló pa!" ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó ti ń wá ẹni tuntun tí yóò fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́.

Wọ́n pe Fáàrí wá. Kò tilẹ̀ mikàn.

"Mi ò sọ pé inú fèrèsé ni mo ti rí i, mà. Inú omi ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀."

Wọ́n tẹjú mọ́ odò. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́. Lóòótọ́ ni: páànù tó ń fi fèrèsé pamọ́ fún ojú wọn kò lè fi í pamọ́ fún omi. Fèrèsé náà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó dorí kodò, iná rẹ̀ tàn, ọlọ́pàá náà sì dúró nínú rẹ̀ gedegbe. Ó tilẹ̀ ń yún imú.

"Ọjọ́ náà ńkọ́? Báyìí ni omi ṣe dákẹ́?"

"Bí dígí, mà."

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ lu ojú afárá. "Ọ̀rọ̀ ti bùṣe, mà. Onífírémù ló ṣe é."

Màmá Kílódé kò jiyàn. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin inú àtìmọ́lé yẹn, ó sì mọ̀ pé ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó gbé àwòrán àbúrò bàbá, ibo ló gbé e gbà?

*

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá Olómi láti ìgbà èwe. Òun náà ń yàwòrán, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Olùkọ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Ó wọ ilé iṣẹ́ náà, ó rí àwòrán, ó fi ìdí ìborùn nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á bí ẹni ń kàwé," ni Màmá Kílódé wí. "Kí ló kọ́kọ́ ṣe, kí ló ṣe tẹ̀lé e, kí ló fi parí?"

"Inú òkùnkùn la ti ń bẹ̀rẹ̀," ni Olùkọ́ wí. "Ọ̀dà olóròóró kì í yára gbẹ. Èyí tó bá tín-ínrín á tètè gbẹ. Èyí tó bá nípọn lè wà ní tútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà a ó fi ọ̀dà tín-ínrín la òkùnkùn sílẹ̀ ná. A ò ní fi dúdú nìkan ṣe é o, dúdú lásán máa ń kú lójú ni. A ó po aró mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ kí òkùnkùn náà lè mí. Lẹ́yìn náà ni ilé, lẹ́yìn náà ni omi. Iná ló ń kẹ́yìn, òun náà ló ń nípọn jù."

"Omi ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń mú un dà bí omi?"

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Omi kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Tọrọ-tọrọ ni, ohun tó bá wà lókè rẹ̀ ló ń tọrọ. Tí iná bá wà lókè, a ó fà á wálẹ̀ ní tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó, a ó jẹ́ kó ṣú díẹ̀ ju ti òkè lọ. Tí omi bá dákẹ́, a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á gùn, á dán, kò ní já. Tí omi bá ń ru, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gé e ní ìbú, gé-gé-gé, bí èyí tó…"

Ó súnmọ́ àwòrán náà. Ó mú ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan tó mọ́, ó fi kan omi náà níhìn-ín, ó fi kan án lọ́hùn-ún.

"Ẹ dúró ná. Ẹ wá wo ibí. Iná gígùn wà lábẹ́, ó ti gbẹ. Omi tó dákẹ́ ló kọ́kọ́ yà, ó sì ti parí rẹ̀. Gbogbo gígé yìí, orí ẹ̀ ló wà, ó sì tútù. Àwọn ibòmíràn, ó ha á kúrò pátápátá. Ẹ wo àkísà tó fi nù ún nílẹ̀ yẹn."

"Kí ló dé tí yóò fi ba omi tó ti parí jẹ́?"

"Nítorí pé omi tó rí lọ́jọ́ náà kò dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kì í ya ohun tí kò bá rí, mà. Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. Tí ọkọ̀ bá dúró síbi tí kò fẹ́, á ká ọwọ́ gbera, á dúró dè é títí táá fi lọ."

Màmá Kílódé rọra yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì fi í padà.

"Iná pupa yìí ńkọ́?"

Olùkọ́ fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kàn án. "Òun ló kẹ́yìn pátá. Ó jókòó lórí gígé náà. Mo sì wá kí i nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó ṣubú. Kò sí iná pupa kankan níbí, kò sí ọkọ̀ pàápàá."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Màmá Kílódé wí, ó sì di ọwọ́ Olùkọ́ méjèèjì mú, "Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ilẹ̀kùn àtìmọ́lé lẹ ṣí yẹn."

"Ta ni mo ṣí i fún, mà?" ni Olùkọ́ bèèrè.

Sájẹ́ǹtì náà fẹ́ mọ̀. Màmá Kílódé yíjú sí i.

"Búrọ́ọ̀ṣì tó bá a ṣubú, pupa ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná pupa sí i tán ló já bọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ. Ta ló wá sọ fún ẹni tí kò débí láti oṣù kan pé iná pupa wà lórí ọkọ̀?"

Sájẹ́ǹtì la ẹnu. Ó gbàgbé láti pa á dé.

Kí wọ́n tó padà sí àgọ́, wọ́n yà sétí odò, wọ́n bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ yẹn?" ni ọkùnrin náà wí. "Atẹ́gùn ń lé omi kiri bí ẹní lé adìyẹ. Mi ò gbé èrò kankan kọjá. Mo so ọkọ̀ mi mọ́ iwájú ilé bàbá ayàwòrán, mo tan iná pupa mi, mo lọ sílé lọ jókòó ti ìyàwó mi."

*

Fáàrí wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Màmá Kílódé fi àga lọ̀ ọ́.

"O ní omi dákẹ́ bí dígí lọ́jọ́ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọlọ́kọ̀ ní omi ń ru débi pé òun ò lè gbé èrò kọjá. Bàbá rẹ pàápàá rí i bẹ́ẹ̀, ó sì yà á bẹ́ẹ̀. Nínú omi tó ń ru, èjìká ta lo rí?"

"Bóyá… bóyá ojú mi ló ṣe bàìbàì, mà."

"Bóyá. Ta ló fi iná pupa orí ọkọ̀ hàn ọ́?"

"Bàbá sọ fún mi lórí fóònù."

"Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe fi pupa sí i títí tó fi ṣubú. Ìgbà wo ló ráyè gbé fóònù?"

Òógùn bọ́ láti iwájú orí Fáàrí sórí kọ́là tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dáadáa.

Màmá Kílódé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, àwòrán ìyá rẹ dà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣẹ́ ẹ. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Ẹnikẹ́ni ò tì í, mà. Mo fi Ọlọ́run búra. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún àwòrán yẹn. Mi ò ní fọ́tò Màámi kankan, ẹyọ kan. Lọ́jọ́ yẹn mo tún lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ń fi iná pupa yẹn sí i lọ́wọ́, ó ní kí n dúró kóun parí. Mi ò ní sùúrù. Mo yọ igi ìdábùú torí àwòrán náà fẹ̀, mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo ní tí mo bá ti gbé e sínú mọ́tò mi, màá padà wá fi igi sípò. Mo wà nísàlẹ̀ nígbà tó ké sí mi pé, 'Wá wò ó, iná náà ti tàn!' Ẹ mọ̀ pé ó máa ń fẹ̀yìn rìn láti wo àwòrán ẹ̀ lókèèrè…" Ó fọwọ́ bo ojú. "Mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé ó ti kú. Mo sá."

"Onífírémù ńkọ́?"

"Wọ́n ti mú un kí n tó gbọ́. Sájẹ́ǹtì wá bi mí bóyá mo rí nǹkan kan. Irọ́ kan jáde lẹ́nu mi, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e bí àgùntàn."

"Ìwọ tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, o sá," ni Màmá Kílódé wí. "Ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró, o fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ san án fún un. Adájọ́ yóò gbọ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó rí adájọ́, ẹlòmíràn wà tí o gbọ́dọ̀ rí."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n tú Onífírémù sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó yọ fìlà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ yín, mi ò wo ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe." Onífírémù ní kò sí ohun tó burú, ó sì bèèrè ọ̀nà tó yá jù dé ilé ìwòsàn.

*

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Olómi lajú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀, Màmá Kílódé kó gbogbo wọn lọ bá a: Onífírémù àti ìyàwó rẹ̀, Sájẹ́ǹtì, àti Fáàrí, tí kò wọ bàtà tó ń dán mọ́.

"Mo fẹ̀yìn rìn," ni bàbá náà wí lórí ibùsùn. "Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ilé ní òpin." Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan báńdéèjì orí rẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Ẹnì kan ń sọ pé, 'Bàbá, ẹ má lọ o, a ò tíì wọn àwòrán.' Ta ni?"

Onífírémù fọwọ́ bo ojú. "Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, Bàbá."

Àgbàlagbà náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Onífírémù sáré gbé e mú.

"Áà, Bàbá! Ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?"

"Kí ni kí n wá fi dúpẹ́? Gba àwòrán náà. Tìrẹ ni."

"Àwòrán yín ń gba àyè, ilé mi kò láàyè." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun kò rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ẹ wà láàyè, ó tó mi. Ohun kan ló kàn ń dùn mí. Àárín àdúgbò wa ni wọ́n mú mi gbà kọjá. Onílé wa ti ní kí ìyàwó mi palẹ̀ ẹrù mọ́, òun ò gbé pẹ̀lú apànìyàn. Ọlọ́pàá tú mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ò gbọ́ ìyẹn. Èyí tí wọ́n rí ni wọ́n mọ̀."

Fáàrí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá náà. Bàbá Olómi wò ó.

"Dìde," ó ní. "Àwòrán ìyá rẹ, mú un lọ. Ó yẹ kí n ti fún ọ lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò bá mi gbé àga."

Ẹnikẹ́ni kò mọ àga tó ń sọ títí dìgbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn. Kò lọ sílé. Ó ní kí ọkọ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò Onífírémù. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, báńdéèjì funfun lórí, Onífírémù lápá ọ̀tún rẹ̀. Fáàrí gbé àga kan tẹ̀ lé e, kí bàbá lè máa jókòó sinmi láàárín ojúlé sí ojúlé. Sájẹ́ǹtì wà lẹ́yìn wọn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ojúlé kìíní, bàbá kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni òkú tí wọ́n ní ọkùnrin yìí pa. Ẹ wò mí dáadáa. Òun ló fi ẹ̀wù ọrùn ẹ̀ dá ẹ̀mí mi dúró."

"Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn," ni Fáàrí wí, ó gbé àga sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni mo mú un láìbéèrè," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan di Onífírémù mọ́ra, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn aráàdúgbò ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé tí Onífírémù ń gbé, ojú ọ̀nà ti kún.

Àwọn ẹrù wà níta lóòótọ́, tí wọ́n ti dì. Onílé jáde, ó rí báńdéèjì, ó rí ọlọ́pàá, ó rí èrò.

"Bàbá, a ò mọ̀ ni o," ó ní.

"Ẹ ti wá mọ̀ báyìí," ni Bàbá Olómi wí, ó sì jókòó sórí àga.

Onílé wo ìyàwó Onífírémù, tó dúró ti ọkọ rẹ̀, tó di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n tún lè mú un lọ. Lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí tó tóbi jù níbẹ̀ lé èjìká, ó sì kọjú padà sí ẹnu ọ̀nà ilé.

"Ẹ rọra gbé e o, bàbá," ni obìnrin náà wí. "Abọ́ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣeun."